Ọdẹ Tó Dúró Jẹ́ẹ́ Nínú Ilé Dígí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin àlejò tí òjò há mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Oko kò ṣe é lọ lónìí, ọjà kò ṣe é ná, ẹnu nìkan ló kù tí a lè fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ yọ ọ́ wá kíákíá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í dúró de ẹni tó bá jáde. N óò sọ fún yín nípa ilé kan tí ògiri rẹ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́. Ilé tí òòrùn ń bá onílé jókòó nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí òjò sì ń gba inú òpó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti dẹ igbó títí irùngbọ̀n mi fi funfun. Mo ti bá ìkookò pín ẹran láìjà. Mo ti sùn lẹ́yìn erin tí mo rò pé àpáta ni, òun náà sì rò pé eṣinṣin ni mí. Ṣùgbọ́n ilé yẹn, n kò débẹ̀. Àwọn tó débẹ̀ ni n óò sọ̀rọ̀ wọn. Bí mo bá sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ta ló ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀?

Ní ìlú Olóyin, ọmọ ìyá méjì kan wà tí wọ́n ń ṣọdẹ. Ọdẹ́rìndé ni ẹ̀gbọ́n, Àjàgbé ni àbúrò. Ọdẹ́rìndé kì í sọ̀rọ̀. Bó bá ba ní ibùba, èèrà á fi itan rẹ̀ ṣe ọ̀nà oko, kò ní mira. Ẹran á wá, á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á rò pé kùkùté ni, ìgbà tí kùkùté bá sì yìnbọn ni yóò mọ̀ pé òun ti ṣìṣe. Àjàgbé ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni ìbọn rẹ̀ kejì. Bó bá pa òkété nígbó, kó tó dé ẹnubodè òkété náà á ti di àgbọ̀nrín, nígbà tí yóò bá sì fi délé tán, ó ti di ẹkùn, kìkì pé ẹkùn náà ti sá lọ.

Ọdẹ́rìndé wọ Igbó Àìwẹ̀yìn ní ọjọ́ kan, kò padà. Àwọn èèyàn retí rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi di ohun tí wọ́n ń sọ ní ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tó pẹ́, Olúọdẹ, ẹni tí í ṣe olórí àwọn ọdẹ Olóyin, pe ìpàdé, ó ní ó tó àkókò láti ṣe ìṣípà fún Ọdẹ́rìndé. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ kò mọ ìṣípà, òun ni ètùtù tí a fi ń ya ọdẹ tó kú kúrò lára ọdẹ tó wà láàyè. A ó fi aṣọ ọdẹ rẹ̀ wọ igi, a ó gbé igi náà lọ sínú igbó, a ó sì wí fún un pé kó máa lọ bá àwọn tó ti lọ. Bí a kò bá ṣe é, òkú ọdẹ á máa bá wa du ẹran. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é fún ẹni tó ṣì ń mí, ibikíbi tó bá wà, ibẹ̀ ni èémí rẹ̀ yóò ti já bí okùn tó gbó.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "ẹ má fi aṣọ ọkọ mi wọ igi. Ara mi kò tíì sọ fún mi pé mo ti di opó."

Olúọdẹ mi orí. "Ìyàwó wa, ara kì í parọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ òótọ́ tán. Bí a bá wa iṣu tuntun tí a kò sì tíì gbúròó ọkọ rẹ, a ó ṣe ohun tó yẹ ká ṣe."

Àwẹ̀ró dìde, ó gba ilé Àjàgbé lọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Orúkọ ìnagijẹ tó fún un láti ọjọ́ tó ti wọlé ni Adúmáadán.

"Adúmáadán ọkọ mi," ó ní, "ẹnu rẹ ti pa ẹran púpọ̀ ní ìlú yìí. Wàyí o, lọ fi ẹsẹ̀ rẹ ṣọdẹ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti kú, mú ìròyìn wá kí n lè sunkún. Bó bá wà láàyè, mú un wá kí n lè bá a jà."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àjàgbé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ òótọ́ ni í dunni. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́, ó mú ìbọn, ó lọ.

N kò ní fi ọ̀nà Igbó Àìwẹ̀yìn dá yín dúró. Igi wà níbẹ̀ tó ń kí àlejò, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń kí i. Odò kan wà tó ń ṣàn gun òkè, ó ní òun fẹ́ lọ bi òkè ní ìbéèrè kan. Bí ó ti wù kí ó rí, Àjàgbé rìn títí ó fi bọ́ sí ojú ọ̀nà kan tó mọ́ gaara, kò sí igi, kò sí òkúta, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbá a nímú. Ó gbá a tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ rọra, bàbá ọdẹ," ohùn kan wí. "Ẹ má fi imú yín fọ́ òrùlé wa."

Ìgbà náà ni ó rí i pé iwin kan dúró níwájú òun, tó gbé dígí fẹ̀ǹfẹ̀ kan sí ìbú ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀, iwin lọ súà, oníkálukú pẹ̀lú dígí tirẹ̀, dígí gbogbo sì dọ́gba bí ìbejì.

Àjàgbé fọwọ́ pa imú. "Kí lẹ pè é?"

"Òrùlé."

"Òrùlé tí mo ń rí ojú ọ̀run nínú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òrùlé tiyín tí ẹ kì í rí ọ̀run nínú rẹ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ọ̀run ṣì wà lókè?"

Àjàgbé dìde nílẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ọdẹ kan tí kì í sọ̀rọ̀. Àwọn iwin náà wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ni kò tíì rí i?" ni wọ́n wí. "Ẹ tẹ̀lé wa."

Wọ́n dé etí odò kan. Bàbá iwin kan jókòó sínú omi dé ìbàdí, ó da ojú ewé òṣíbàtà kan dé sórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka tọ iṣan abẹ́ ewé náà bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ. Bàbá yìí ló kọ́ ilé tí àwọn iwin alárù náà ń gbé dígí lọ tún ṣe, nítorí pé yìnyín ti fọ́ apá kan òrùlé rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," Àjàgbé wí.

"Iṣẹ́ ti tán tipẹ́. Mo wá kí olùkọ́ mi ni." Ó gbé ewé náà sókè. "Wo abẹ́ rẹ̀. Òkè rẹ̀ pẹlẹbẹ, àkèré ń gùn ún bó ti wù ú. Ṣùgbọ́n níbí yìí, iṣan ńlá mú iṣan kékeré lọ́wọ́, iṣan kékeré mú èyí tó tún kéré sí i lọ́wọ́. Mo gbé odó ìyá mi lé e lórí, kò rì. Mo ní bí ewé bá lè gbé odó, irin tín-ín-rín á gbé ojú ọ̀run. Bí mo ṣe kọ́ ilé mi nìyẹn. Àwọn òpó rẹ̀ ní ihò nínú. Bí òjò bá rọ̀ sórí òrùlé, inú òpó ló ń gbà wọ ilẹ̀, ọ̀ṣọ̀rọ̀ kan kò ní kán sí èèyàn lọ́rùn. Ìrókò wà lórí ilẹ̀ náà kí n tó débẹ̀. N kò gé e, mo gbé òrùlé ga kọjá orí rẹ̀, òun náà di ará ilé. Dígí gbogbo dọ́gba, irin gbogbo dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fọ́, a ó fi òmíràn sí i. A kì í ṣọ̀fọ̀."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí wọ Àjàgbé lára. Ní Olóyin, bí igi àjà kan bá ṣẹ́, onílé á wọ igbó lọ wá irú ẹ̀ tó tẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀. Àwọn ilé kan wà tó wọ́ títí dòní, nítorí pé onílé kò rí irú igi náà mọ́. Ó rántí Àwẹ̀ró lórí eékún rẹ̀.

"Bàbá, kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà?"

"Ìwòran. Gbogbo ìlú ń gbé ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe jù wá síbẹ̀, kí àwọn ìlú yòókù lè rí i. Mo rò ó pé ẹni tó bá ti rí ìkòkò tí ọ̀tá rẹ̀ mọ, tó rí bí ó ṣe dán, kò ní lè fi kùmọ̀ fọ́ ọ mọ́."

"Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀?"

Bàbá náà yí ewé òṣíbàtà padà, ó tún yí i padà. "Wọ́n ń wò ó. Wọ́n ń sọ pé ó dára. Wọ́n á wá lọ sílé, wọ́n á lọ gbẹ́ kùmọ̀ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè gbé e wá fi hàn." Ó mí kanlẹ̀. "Síbẹ̀ ilé náà dára. Wàá rí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, ọdẹ: nínú ilé mi, ohun tó bá ń rìn ni òǹwòran, ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́ ni ìran. Mo ti sọ ọ́."

Àjàgbé dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ bí a ti ń gbọ́ òwe tí wọ́n pa fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí n tó wọ ilé yẹn, nítorí pé bí a bá fẹ́ fi ẹnu gbé ilé tó tóbi, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé itọ́ mì.

Ilé náà jókòó sórí pápá bí ìrì ṣe ń jókòó sórí koríko, bí ẹni pé òòrùn lè gbé e lọ kó tó di ọ̀sán. Òpó irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke, wọ́n tò lọ títí ojú fi rẹ̀. Lókè, irin tẹ̀ bí òṣùmàrè, dígí sì wà láàárín irin àti irin, a kò mọ ibi tí ilé parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ìrókò ńlá dúró láàárín ilé, àwọn ológoṣẹ́ kún orí rẹ̀, wọ́n ń pariwo bí ìyàwó olórogún. Àwọn iwin òǹwòran ń lọ, wọ́n ń bọ̀, àwọn kan wà nílẹ̀, àwọn kan wà lórí àjà tó yí ilé ká, ìmọ́lẹ̀ sì gba ara gbogbo wọn kọjá, kò sẹ́ni tó ní òjìji.

Àwọn ìran náà ńkọ́? Ọkọ́ wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ mú bí ọ̀rọ̀ àna, kò fara kan ilẹ̀ rí. Ìkòkò wà tí èéfín kò mọ̀. Ibùsùn wà tó ga tó òkè àjà, ẹnikẹ́ni kò sùn lórí rẹ̀. Ẹní wà tí wọ́n fi irun ẹṣin hun. Agogo wà tó tóbi ju ilé Olúọdẹ lọ, ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi aṣọ dì. Ẹwà wọn pọ̀ débi pé Àjàgbé gbàgbé imú tó ń dùn ún. Ó ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó ṣe ọkọ́ yìí fẹ́ràn ọkọ́ ju iṣu lọ.

Olùpolongo ilé náà ni wọ́n ń pè ní Àwòmáfọwọ́kàn. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì ti fúnra rẹ̀ fi ìko dè wọ́n láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ náà. Òun ló ń ṣáájú àwọn òǹwòran, tó ń sọ ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Bí àwọn iwin ṣe rí Àjàgbé, wọ́n yíjú sí i. Ojú pọ̀. Ojú lókè, ojú nílẹ̀. Kí ni ọdẹ ń ṣe bí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀? Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ̀ ọ́n: ó di igi. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré, egungun rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí orí rẹ̀ tó ronú. Àjàgbé gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó di èémí mú, ó dúró jẹ́ẹ́.

Kíá, àwọn alárù ti dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Wọ́n wọn gíga rẹ̀, wọ́n wọn ìbú èjìká rẹ̀. Wọ́n ti gbé dígí kan bọ̀ níwájú, òmíràn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin òǹwòran," Àwòmáfọwọ́kàn wí. "Èyí ni akọ ọdẹ. Ẹ wo imú rẹ̀ bí ó ti wú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bí wọn ní ìlú wọn."

Ṣé ẹ mọ ohun tó burú níbẹ̀? Ó dùn mọ́ ọn. Ebi tó ń pa á dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ tó ń ro ó kò ro ó mọ́. Ó rò pé òun ga sí i, pé irun orí òun pàápàá ní láárí. Ká ní pé ológoṣẹ́ kan lórí ìrókò kò su lé e lójú ni, ibẹ̀ ni à bá máa bá a títí dòní. Àjàgbé fò sókè, ó ń nu ojú, ó ń ṣépè fún ìdílé ẹyẹ náà.

"Hẹ̀ẹ́," àwọn iwin wí, "òǹwòran lásán ni." Wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn alárù gbé dígí wọn padà.

Òwe bàbá iwin náà ti di ti Àjàgbé wàyí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi, títí ó fi dé ibi tí èrò pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni ó sì ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdẹ́rìndé wà lẹ́yìn dígí, lórí eékún kan, ìbọn léjìká, ojú kan ṣí, ojú kan pa dé. Kò mira.

Àjàgbé sún mọ́ dígí náà, ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà wọ̀n ọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Ètè Ọdẹ́rìndé kò mì. Imú ló fi sọ̀rọ̀. "Àjàgbé, kúrò níwájú mi. O ń dí wọn lójú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Kí n lọ ṣe kí ni? Ìgbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́ mi nílé, ta ló ń rí mi? Bí ẹnikẹ́ni bá rí mi, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ń pa ẹran, wọ́n ń jẹ ẹ́, ojú wọn wà nínú àwo. Ìwọ lo máa ń sọ ìtàn, ìwọ ni wọ́n ń wò lẹ́nu. Níbí, àwọn ọba wá láti ìlú tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọ́n dúró wò mí bí mo ṣe dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi, Àjàgbé. Ta ló yìn mí fún un rí?"

Àjàgbé gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó rí i pé òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. "Àwẹ̀ró ń retí yín," ó ní.

"Kí i fún mi."

"Wọ́n fẹ́ ṣe ìṣípà yín, bí iṣu tuntun bá ti jáde. Ẹ óò kú síbí."

Imú Ọdẹ́rìndé tún dún. "Ìran tó kú, ṣé wọn kì í wò ó mọ́? Ẹ ṣe é."

Àjàgbé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀, oríkì ìdílé wọn tí í máa ń mú orí àgbàlagbà wú. Àṣìṣe ni. Bí ó ti ń ki í, bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé túbọ̀ ń na ẹ̀yìn tọ́ọ́rọ́, tí àwọn òǹwòran ń pọ̀ sí i. Àjàgbé dá oríkì dúró, ó lọ bá Àwòmáfọwọ́kàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè san kí ẹ fún mi ní ẹ̀gbọ́n mi?"

"N kò di ẹnikẹ́ni mú," Àwòmáfọwọ́kàn wí. "Wo ọwọ́ mi lẹ́yìn. Ohun tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lójú kan, ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá fọwọ́ kàn án, àtìwọ àtòun ni n óò máa polongo. Kò tíì sí èyí tó kúrò rí. Wọ́n ń sọ pé ibí dára."

Àjàgbé rìn yí ìrókò náà ká. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ń sunkún nínú, ó sì ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti òkèèrè. Ó rò ó pé, ẹni tí ìyìn dè mọ́lẹ̀, ìyìn kò ní tú u. Kí ni yóò tú u? Ó dúró díẹ̀, ó rántí pé kò gbọ́dọ̀ dúró, ó tún ń rìn. Lẹ́yìn náà ó padà, ó kẹ̀yìn sí Ọdẹ́rìndé, ó kọjú sí èrò, ó sì ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo ọdẹ Olóyin lọ.

"Ẹ̀yin òǹwòran," ó ní, "ọdẹ tó kúnlẹ̀ yìí dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti gbọ́ bí èmi Àjàgbé ṣe pa ẹfọ̀n oníwo kan?"

Wọn kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n yíjú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ẹfọ̀n yẹn ti dí ọ̀nà odò mọ́ àwọn obìnrin Olóyin títí wọ́n fi ń fi omi òjò sebẹ̀. Ọdẹ́rìndé ló pa á. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀, Ọdẹ́rìndé kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju pé ó ní kí wọ́n wá ru ẹran. Nísinsìnyí, ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ, ẹ ní láti mọ èyí: jí ẹran ọdẹ, ó lè dárí jì ọ́. Jí ìyàwó rẹ̀, wọ́n lè bá ọ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n má fi ẹnu pa ẹran tí òun fi ọwọ́ pa, lójú rẹ̀, níwájú èèyàn.

"Ẹfọ̀n náà jáde wá," Àjàgbé wí, "mo sì wí fún ẹ̀gbọ́n mi yìí pé kó má bẹ̀rù."

"Irọ́ ni," imú kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Àjàgbé kò wẹ̀yìn. Àwọn òǹwòran kò wẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí pé ìtàn ti ń dùn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó sá gun igi, ó ń ké pe ìyá wa."

"Àjàgbé."

"Ìyá wa tó ti kú nígbà náà, ẹ̀yin ọba."

"Àjàgbé, ta ló wà lórí igi?" Ẹnu ló fi sọ èyí.

"Èmi wá dúró, èmi nìkan, mo yìnbọn fún ẹfọ̀n náà ní ìpàkọ́."

"Ìpàkọ́?" Ọdẹ́rìndé dìde. Eékún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. "Ta ló ń yìnbọn fún ẹfọ̀n ní ìpàkọ́? Abẹ́ apá òsì ni mo ti yìn ín, nígbà tó yíjú sí igi tí ìwọ gùn, tí ò ń tọ̀ sára. Ìwọ ọmọ yìí, wá níbí."

Ó jáde. Dígí iwájú rẹ̀ wó, ó fọ́ yángá, àwọn alárù sì gbé òmíràn wá. Àjàgbé ti ń sá lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wẹ̀yìn, ó ń fi kún un pé ìwo ẹfọ̀n náà ṣì wà nílé òun. Ọdẹ́rìndé ń lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba àárín ọkọ́ àti ìkòkò àti ibùsùn kọjá, tí àgbà ọkùnrin ń lérí pé òun á na àbúrò òun bí ìgbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Ní ẹnu ọ̀nà, Àwòmáfọwọ́kàn dúró. "Ọdẹ," ó wí fún Ọdẹ́rìndé, "o ti rìn, n kò lè dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí òǹwòran bá ti gbọ́ nínú ilé yìí, n kò lè pa á rẹ́. Níbi tí o ti dúró, ìtàn ẹfọ̀n àbúrò rẹ ni n óò máa sọ, a ó sì gbọ́ ọ dé gbogbo ìlú. Bí o kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, padà sí ojú kan rẹ. N óò máa sọ òótọ́ nípa rẹ títí ayé."

Ọdẹ́rìndé dúró, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde. Àjàgbé la ẹnu, ó tún pa á dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ bà á. Ó mọ̀ pé èyíkéyìí tó bá sọ lè ti ẹ̀gbọ́n òun padà sínú.

Ọdẹ́rìndé wo inú ilé gba ara dígí. Èrò tó ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí ti yí agbada kan ká, agbada tí wọ́n fi ń dín àkàrà, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń wí fún ara wọn pé ó dára. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó náà ni wọ́n fi ń wo agbada. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wo ibi tó ti kúrò.

"Wọn kò wá wò mí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìwòran ni wọ́n wá ṣe."

Ó gbé ẹsẹ̀ kejì jáde.

Wọ́n rìn padà gba inú igbó, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá oko Olóyin, wọ́n rí i pé ebè iṣu ti ṣí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ọdẹ. Olúọdẹ ló ṣáájú, àwọn yòókù tẹ̀lé e, wọ́n gbé igi kan tí wọ́n ti fi aṣọ Ọdẹ́rìndé wọ̀. Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọ igbó.

Ọdẹ́rìndé dúró sójú ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ta ni ẹ ń gbé lọ?"

Olúọdẹ wò ó, ó wo igi, ó tún wò ó. "Ìwọ ni," ó ní.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Mo lè rìn."

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, ó gba àárín àwọn ọdẹ kọjá, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò yára. Ó rí eékún tó ti dúdú níbi tó fi kúnlẹ̀, ó rí èjìká tó ti wọ́ níbi tó fi gbé ìbọn, ó rí ojú kan tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń là.

"O ti rù," ó ní. "Máa bọ̀ nílé. Bí o bá jẹun tán, a ó jà."

Àwẹ̀ró ló sọ ìtàn yìí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ẹfúnṣeyè. Ẹfúnṣeyè ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tí mo ń bá a ro oko àna, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ Àwòmáfọwọ́kàn ṣẹ: títí Ọdẹ́rìndé fi darúgbó, àlejò ń wá láti ìlú òkèèrè, wọ́n ń wá yin Àjàgbé nítorí ẹfọ̀n oníwo kan. Ọdẹ́rìndé á máa bu òkèlè rẹ̀ lọ, kò ní gbójú sókè. Àjàgbé ni yóò dìde, tí yóò búra pé òun kọ́, pé orí igi ni òun wà, pé ẹ̀gbọ́n òun ló pa á, lábẹ́ apá òsì. Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ rí, nítorí pé gbogbo Olóyin ti sọ fún wọn pé onírọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹfúnṣeyè ṣe sọ ọ́ fún mi.